Ọ̀bẹ Kan, Iṣẹ́ Púpọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀, tí ẹ bá ń lọ sí oko, irin-iṣẹ́ mélòó ni ẹ lè kó sínú àpò yín? Àdá kò wọ àpò. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan wà tí irin-iṣẹ́ púpọ̀ ká sínú èkù rẹ̀. Ó ń gé okùn, ó ń ṣí agolo, ó ń tú súkúrù, ó ń lu awọ. Òmíràn tún ní ẹ̀mú kékeré tí a fi ń yọ ẹ̀gún.

Báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀?

Ní ọdún 1889, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Súwísì gba ìbọn tuntun. Kí wọ́n tó lè tú u palẹ̀, wọ́n nílò irin tí ń tú súkúrù. Wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ inú agolo. Ìjọba wá fẹ́ ọ̀bẹ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún wọn. Karl Elsener, tí ń ṣe ọ̀bẹ ní ìlú Ibach ní Súwísì, fẹ́ kí iṣẹ́ náà wà nílé. Ní ọdún 1891, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é. Ní ọdún 1897, ó ṣe òmíràn tó fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Tim Leatherman, ń rìnrìn àjò ní Yúróòpù. Ọkọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ọ̀bẹ wà lápò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀mú. Ó ronú, ó sì ṣe ọ̀bẹ tó ní ẹ̀mú. Ní ọdún 1983, ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á.

Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ọ̀bẹ tí ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ ń kó ìdọ̀tí púpọ̀. Tí ẹ bá fi ya àpò oògùn kòkòrò láàárọ̀, tí ẹ sì fi bó ọsàn lọ́sàn-án, ẹ lè jẹ oògùn náà mọ́ ọsàn. Kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì sì ń gbé inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran. Ó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Àrùn yìí ń mú kí ẹnu dì, kí ara le gbagidi. Ó ń pa ènìyàn.

Kí ni kí ẹ ṣe?

1. Ẹ má ṣe fi ọ̀bẹ tó kan oògùn kòkòrò gé oúnjẹ. Ẹ ya ọ̀bẹ oúnjẹ sọ́tọ̀.
2. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ nù ún kó gbẹ. Ẹ kán òróró díẹ̀ sí ibi tó ti ń ká, kó má bàa dógùn-ún.
3. Ẹ má ṣe fi ẹnu rẹ̀ lu nǹkan líle. Ó lè ká lójijì, kó gé yín níka.
4. Ẹ má ṣe fi gé ìwọ́ ọmọ tuntun láé. Ẹ jẹ́ kí aboyún bímọ ní ilé ìwòsàn.
5. Tó bá gé yín, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wò ó bóyá ẹ nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Àwọn àgbà ní: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè fọ ara rẹ̀. Ọwọ́ yín ni ìtọ́jú rẹ̀ wà.