Omi Iyọ̀ ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, omi tí ó ń ti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ wa ṣàn lọ sí ìhà òkun kò ní iyọ̀ nínú. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni ó kún àbàtà Awoye, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, títí àwọn awa-epo fi gbẹ́ ọ̀nà omi kan já òkun lẹ́yìn ọdún 1970. Omi òkun sì wọlé.

Omi iyọ̀ wúwo ju omi odò lọ. Nítorí náà abẹ́ ni ó ń gbà wọlé. Ẹni tí ó bu omi òkè tọ́ wò lè máa yọ̀, nígbà tí iyọ̀ ti dé ìdí igi nísàlẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni igbó àbàtà náà ṣe kú, tí ẹja odò dínkù, tí omi mímu sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí odò kò lágbára láti tì í padà, omi iyọ̀ a tún wọ inú ilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.