Ara Sísú tí A Kò Mọ Ìdí Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Síbẹ̀, àìsàn kan wà tí àwọn ènìyàn a máa wá ìdí rẹ̀ kiri títí wọn yóò fi gbàgbé láti wo àìsàn náà fúnra rẹ̀.

Kí á wí pé obìnrin kan ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ní ọjọ́ kan, apá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Kí ó tó pa ìsọ̀ dé, ara rẹ̀ ti wú káàkiri bí ibi tí èèrùn ta. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, gbogbo rẹ̀ ti pòórá láìní àpá, ṣùgbọ́n òmíràn ti yọ ní itan. Bí ó bá ń rí báyìí fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn oníṣègùn a kà á sí àìsàn tí ń pẹ́ lára.

Nígbà náà ni ìmọ̀ràn yóò pọ̀. Ẹnìkan a ní edé ni. Òmíràn a ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó bàjẹ́. Ẹlòmíràn a ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Obìnrin náà kọ edé, ó kọ ẹyin, ó kọ ẹ̀pà. Ó rù, ó sì ń fura sí aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀ ara kò yéé yún. Àwọn oníbàárà ń sá fún un, wọn kò mọ̀ pé àìsàn yìí kì í ràn.

Báwo ni ó ti jẹ́? Nínú awọ ara ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń ṣọ́ ara bí ọdẹ ti ń ṣọ́ ìlú. Ohun ìjà wọn ni èròjà tí a ń pè ní histamine. Bí wọ́n bá tú u jáde, omi a jò láti inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké, awọ a wú, a sì máa yún. Nínú àìsàn yìí, ọdẹ ń yìnbọn nígbà tí olè kò wá. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, agbára tí ó yẹ kí ó dáàbò bo ara ni ó ń ru wọ́n sókè. Nítorí náà, ó ṣọ̀wọ́n kí oúnjẹ jẹ́ okùnfà rẹ̀.

Àìmọ ìdí kì í ṣe àìní ìtọ́jú. Ní ọdún 1937, Daniel Bovet àti Anne-Marie Staub ṣàwárí oògùn àkọ́kọ́ tí ń dènà histamine, ní ìlú Paris. Irú iṣẹ́ yìí ni ó mú kí Bovet gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1957. Àwọn oògùn ìgbàanì a máa kun ènìyàn lóorun. Cetirizine àti loratadine ti òde òní kò ṣe bẹ́ẹ̀ tó wọn. Ojoojúmọ́ ni à ń lò wọ́n, kì í ṣe ìgbà tí ara bá yún nìkan. Dókítà nìkan ni ó sì lè fi kún ìwọ̀n wọn. Bí wọn kò bá ká a, abẹ́rẹ́ omalizumab wà, bí ó tilẹ̀ wọ́n.

Ó yẹ kí aláìsàn ṣọ́ra fún ooru, aṣọ tí ó fún, àti oògùn ìrora bí aspirin, tí ó lè ru àìsàn náà sókè. Bí ahọ́n tàbí ọ̀fun bá wú, tí èémí kò sì já gaara, kí a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìfi falẹ̀. Ilé ìwòsàn ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn wà ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó.

Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, àìsàn yìí a máa lọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Títí di ìgbà náà, kí aláìsàn máa lo oògùn rẹ̀, kí ó máa jẹun, kí ó sì fi aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ ní àlàáfíà.