Dúró Tí Kò Dúró Sójú Kan

Ní àkókò ọdún Àjíǹde 1960, nínú ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo Òròkí, ìlú aláró, olùkọ́ kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ katikíìsì gbé orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe kalẹ̀ níwájú ìjọ. Kàkà kí ó sì fi ohùn dùùrù gbè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ìjọ, ìlù ilẹ̀ wa ni ó kó wọlé, ni ariwo bá ta. Wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà kò yẹ ilé Ọlọ́run. Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni, yóò dọ̀bálẹ̀, yóò bẹ̀bẹ̀, yóò sì padà sídìí orin tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n mọ̀. Dúró ni orúkọ ọkùnrin yìí, Dúró Ládiípọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ orúkọ rẹ̀ rárá: ó kó orin, ó kó ìlù, ó jáde, ó ń ṣeré kiri ilé ìwé títí ó fi dé orí tẹlifíṣàn.

Ní oṣù kẹta ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, òyìnbó ará Jámánì tí àṣà wa wọ̀ lára, sọ ilé ọtí Dúró di ilé eré. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari tí wọ́n fi sọ ọ́, láti ara ẹgbẹ́ irú rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àlejò sùn sílé wọn láìfún un lórúkọ, pè é ní Ḿbárí Ḿbáyọ̀: bí mo bá rí i, n ó yọ̀.

Ọ̀pọ̀ òṣèré gbà pé ìgboyà nìkan ni ènìyàn nílò láti kúrò nídìí ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ katikíìsì tí a fi Bíbélì àti ìwé orin tọ́ dàgbà, ibo ni yóò ti mọ bí a ti í ki Ṣàngó, Olúkòso, Ewélérè, ẹkùn ọkọ Ọya, bí kò ṣe pé ó lọ jókòó ti àwọn tó ni ín, àwọn onílù àti oníṣàngó, tí ẹlòmíràn nínú wọn kò mọ̀wé kà rárá, kí olùkọ́ sì gbà láti di ọmọ ilé ìwé? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹni tí kò bá jó bàtá rí lè máa fojú kéré é. Orin ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ kí á dúró ṣánṣán, kí á na ọrùn, kí ọwọ́ má kúrò lára ìwé. Bàtá ní kí orúnkún tẹ̀, kí àyà sún síwájú, kí èjìká já lójijì nígbà tí ìyáàlù bá pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni omele kò ní jẹ́ kí ènìyàn mí. Mo dán an wò níbi ìnáwó ìbátan mi kan. Bí mo bá fi máa gbẹ́sẹ̀, ìlù ti kọjá. Bàbá alubàtá wò mí títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọmọ mi, ò ń ka ìlù ni, o ò gbọ́ ọ.”

Dúró gbọ́ ọ. Ní 1963, nígbà tí Ḿbárí Ḿbáyọ̀ pé ọdún kan, Ọba Kò So jáde, ìtàn Tìmì Ọlọ́fà-iná àti Gbọ̀nkáà, akọni méjì tí Ṣàngó ọba ń wá ọ̀nà àtimú kúrò lọ́rùn ara rẹ̀, tí ọ̀ràn náà sì padà ṣẹ́rí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ katikíìsì ni ó ṣe Ṣàngó, òun tòun irun dídì, oṣé lọ́wọ́, iná ń yọ lẹ́nu; Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ ni Ọya. Ní 1964 wọ́n gbé eré náà dé Berlin, ní 1965 wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá tó fi ṣe é kò sì yingin.

Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré bíi ti Dúró, náà ti lẹ́gbẹ́, ó ti lókìkí, kí ó tó gbà ní 1962 láti lo oṣù mẹ́fà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n máa kọ́ ọ ní iṣẹ́ orí ìtàgé bí ẹni tí kò ṣe é rí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni ó ṣe eré Ọ̀mùtí láti inú ìwé Amos Tutùọlá, eré tí a kò lè dárúkọ rẹ̀ kí á má dárúkọ Ògúnmọ́lá. Mo máa ń rántí òun àti Dúró nígbà tí mo bá rí òṣèré tó ṣe ìyá olówó oníjọ̀ngbọ̀n nínú fíìmù mẹ́wàá, tí ó tún ń múra ìkọkànlá.

Dúró jáde láyé ní oṣù kẹta ọdún 1978. Lónìí, gángan ń dún ní ọjọ́ ìdúpẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Yorùbá, ti Áńgílíkà pẹ̀lú, àwọn àgbà ìjọ a sì máa náwó fún onílù.