Omi Inú Ilé Ẹrù

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò kì í fún Kétu ní ìsinmi, a ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ wa láti yẹ páálí kan wò kí a tó gbéra lọ sí Àjàṣẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni a ti gbé e síbẹ̀. Bí a ti fọwọ́ kan án báyìí, ìdí rẹ̀ já, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà sílẹ̀ pọ̀ mọ́ omi. Ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ kíláàsì wa ni, 38 lápapọ̀.

Ó yẹ kí òǹkàwé mọ ohun tí àwọn ìwé náà jẹ́. Nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde, a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó ti ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà rẹ̀, kí ó kọ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tàbí oríkì ilé wọn sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ gan-an, láìtún un ṣe. Lóòótọ́, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú ogún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni orin rẹ̀ ń gbé, àwọn ilé mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ẹnu kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan ní Àjàṣẹ́ ti ṣèlérí láti bá wa ya ojú ìwé wọ̀nyẹn sínú kọ̀ǹpútà. A kò tíì ní ẹ̀dà kankan.

A ta okùn nínú yàrá, a fi àwọn ìwé náà kọ́ bí aṣọ. Àwọn tí wọ́n fi bíìkì kọ kò parẹ́. Ṣùgbọ́n yíǹkì olómi, èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn nítorí dídán rẹ̀, ti di àwọ̀ búlúù lásán lójú ìwé. Lára àwọn tó bàjẹ́ jù ni ìwé ọmọbìnrin kan wà tí ìyá àgbà rẹ̀, ẹni tó dá orin náà fún un, ti jáde láyé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Nítorí náà ni a kò fi lè sọ pé omi díẹ̀ ló wọ ọkọ̀, kí a nù ún, kí a sì máa bá tiwa lọ.

Ọkọ̀ náà, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èyí tí ẹ ń rí lójú ọ̀nà wa, ti sin ẹlòmíràn ní Yúróòpù kó tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Nígbà tí a rà á, ó ń dán. Wọ́n ti fi lọ́fínńdà wọ́n inú rẹ̀, a kò sì béèrè ohun tí lọ́fínńdà náà ń bò mọ́lẹ̀. Àwọn àmì wà tí a kò kà. Ní àárọ̀, ìrì a máa bo inú gíláàsì ẹ̀yìn. Bí a bá sì tẹ bíréèkì, a máa ń gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń da omi láti inú igbá kan sí òmíràn. A gbà pé epo inú táńkì ni. Ọ̀mọ̀wé ni wá, a ní àlàyé fún ohun gbogbo.

Mẹkaníìkì àkọ́kọ́ tí a fi ọkọ̀ hàn kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní rọ́bà tó yí ẹnu ilé ẹrù po ló ti gbó. A ra rọ́bà tuntun, ó fi sí i. Òjò rọ̀, omi padà. Ẹnìkejì fi sìlíkọ́ònù yí àwọn iná ẹ̀yìn méjèèjì ká bí ẹni ń fi ẹ̀kọ dí ojú àwo. Ó dúró fún ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. A kò sọ pé sìlíkọ́ònù kò ní ìwúlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi í lé irin tó tutù tó sì dọ̀tí, kì í mú un dáadáa, ó sì tún ń bo ojú ọ̀nà omi mọ́lẹ̀ fún ẹni tó máa wá a lẹ́yìn wa.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan ni ìrìn wa parí sí, tôlier ni, alágbẹ̀dẹ ara ọkọ̀, tó ti ń fi òòlù na irin ọkọ̀ láti ìgbà tí a ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wa pé: “Olùkọ́, níbo lẹ máa ń gbé e sí lálẹ́? Ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú?”

A ní: “Rárá, Bàbá. Ó dagun díẹ̀ sí apá ọ̀tún.”

“Apá wo lẹ sì ti ń bá omi?”

“Apá ọ̀tún.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Omi tí ẹ rí yẹn, ibi tó sùn sí nìyẹn. Ibi tó gbà wọlé là ń wá.”

Ó tún béèrè bóyá omi ń wọlé nígbà tí ọkọ̀ dúró, tàbí ìgbà tí a bá ń wà á lójú ọ̀nà olómi nìkan. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti rò lọ. Lẹ́yìn pare-chocs ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ihò afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, tí ìyẹ́ rọ́bà bò. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń gbà jáde nígbà tí a bá pa ilẹ̀kùn dé. Bí rọ́bà etí ihò wọ̀nyí bá ti já, omi tí táyà ń ta sókè lójú ọ̀nà ni yóò gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwa wà lójú kan náà láti alẹ́ di òwúrọ̀ nígbà tí ìwé àwọn ọmọ fi rì. Bàbá ní kí a máa ṣọ́ ihò náà, ṣùgbọ́n kí a má dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí ni a kó ohun gbogbo jáde: jáàkì, ẹní onírun tó tẹ́ inú ilé ẹrù, páálí líle tó bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti táyà ìpamọ́. Lábẹ́ táyà náà, omi jìn tó ìka méjì, ìdin ẹ̀fọn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, irin ibẹ̀ sì ti ń dípẹtà. Ìdérí rọ́bà kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ kòtò táyà. A dábàá pé kí a yọ ọ́ kí omi máa jò lọ. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní eruku àti omi ọ̀nà yóò máa gba ibẹ̀ gòkè, olè àkọ́kọ́ á sì ṣì wà nínú ilé.

A nu gbogbo rẹ̀, a fi í sílẹ̀ nínú oòrùn títí di ọ̀sán. Bàbá wá ní kí a bá òun wá àtíkè. A kò ní àtíkè, ṣùgbọ́n kì í wọ́n kí olùkọ́ má ní ṣọ́ọ̀kì nínú àpò. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ̀ ọ́ kúnná, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí gbogbo ojú ìsopọ̀ irin, sí ẹ̀yìn àwọn iná, sí abẹ́ rọ́bà ẹnu ilé ẹrù. Ilé ẹrù funfun bí ojú egúngún. Níbi tí omi bá gbà kọjá, bó ti wù kó kéré tó, yóò fi ilà dúdú sílẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ náà wọ inú ilé ẹrù lọ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. A ti tẹ ẹ̀yìn ìjókòó ẹ̀yìn lulẹ̀ kí ó lè mí dáadáa, kí ó sì lè gba inú ọkọ̀ jáde nígbàkigbà. A pa ìdérí dé. Bàbá mú ọ̀pá rọ́bà omi, kò jẹ́ kí omi náà le, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. A ti ń retí kí ó da omi sórí ọkọ̀ bí òjò, ṣùgbọ́n bí omi bá ti òkè wá, gbogbo ara ọkọ̀ ló máa rin lẹ́ẹ̀kan náà, a kò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Pare-chocs ló kọ́kọ́ fi omi sí, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohùn kan dáhùn láti inú pé: “Kò sí nǹkan.” Ó bọ́ sí àwọn iná. “Kò sí nǹkan.” Rọ́bà tuntun wa ńkọ́? “Kò sí nǹkan.” Ó wá gbé omi dé ojú ìṣàn tóóró tó wà lábẹ́ etí ìdérí, lápá òsì.

“Ó dé! Bàbá, ó ń bọ̀ lápá òsì!”

A ṣí i. Ilà dúdú kan, tó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè iná òsì, níbi tí irin pẹlẹbẹ méjì ti pàdé. Ó gba orí etí irin tó wà lẹ́yìn páálí ẹ̀gbẹ́, ó dábùú ẹ̀yìn ọkọ̀ já sí ọ̀tún, kó tó wọ kòtò táyà lọ. Bàbá fi ọ̀bẹ họ ọ̀dà ojú ìsopọ̀ náà. Mastic tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn àtè tí wọ́n fi ń dí ojú irin, ti sán. Lábẹ́ mastic, ọ̀dà mìíràn wà níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ wa mu. Ọkọ̀ kan ti gbá a lẹ́yìn rí, wọ́n sì ti fi ìkánjú tún un ṣe. Ẹni tó tà á fún wa lè má mọ̀ nípa rẹ̀. A kò padà lọ bi í.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn: ó họ èyí tó ti gbó kúrò pátápátá, títí kan sìlíkọ́ònù ẹnìkejì, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi yanrìn oníwèé nu ìpẹtà, ó kun ọ̀dà tí ń dènà ìpẹtà, ó fi mastic tuntun dí i, ó sì kun ún lẹ́yìn tó gbẹ. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó iye tí a fi ra rọ́bà. Ní ọjọ́ kejì, ó tún da omi sí i níṣojú wa, ọmọ iṣẹ́ sì tún wọ inú ilé ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì funfun síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọ iṣẹ́ yẹn ni a ti kọ́ ohun kan tí a gbé wá sílé. Ìgbà tó ń wá omi, kì í tan tọ́ọ̀ṣì gán-án-rán sójú irin. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń tàn án, kí ohun tó rì àti ohun tó ga lè yọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, a ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé ọmọbìnrin yẹn. Yíǹkì ti lọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ náà wúwo: ẹnu kálàmù rẹ̀ ti gbẹ́ ìwé náà. A pè é wá, òun àti ìyá rẹ̀, a pa iná yàrá. Ó ń ka ojú ìwé náà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, níbi tí ojú rẹ̀ kò bá tó, ó ń fi imú kọ orin títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé. Nínú orin mẹ́rin, mẹ́ta ti pé. Ó rántí lílé ẹ̀kẹrin, kò rántí ègbè rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ní àbúrò olóògbé wà ní Idigny, ó ṣeé ṣe kó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ Sátidé ni a óò gbé wọn lọ. A ti fi ọ̀rá wé ìwé náà lọ́nà mẹ́ta, ìjókòó iwájú ni a ó sì gbé e sí.