Kọ̀ǹpútà inú Porsche kì í bo àṣírí: bí àwọn tó mọ mọ́tò wà ṣe ń sá eré àsápajúdé tí ẹ́ńjìnnì kò sì ní í nọ́ọ̀kì

Àwọn tó máa ń sọ pé mọ́tò kò lẹ́nu tí yóò fi rojọ́ ẹni tó ń wà á, ó dájú pé wọn ò tíì bá àwọn tó ń ra Porsche 911 àlòkù pàdé rí. Ẹni tó fẹ́ ta irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè máa búra, kó máa ní jẹ́jẹ́ lòun ń wà á, pé ọjọ́ Sunday nìkan lòun ń gbé e jáde, ẹni tó fẹ́ rà á kò ní í bá a jiyàn rárá. Yóò kàn ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ náà ni. Kò pẹ́ tí àṣírí á fi tú. Ìwé tó bá jáde níbẹ̀ yóò sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì náà ti yí kọjá ibi tó yẹ kó yí dé, yóò sì tún sọ wákàtí tí èyí tó kẹ́yìn ṣẹlẹ̀ nínú iye wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti lò láyé.

Nínú àwọn 911 oní jíà ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní 997, èyí tó jáde lọ́dún 2004, ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín àkọsílẹ̀ yìí sí. Ìpele kìíní àti ìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́ nínú, ẹni tó bá ń gbádùn mọ́tò rẹ̀ lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí nọ́ńbà lójú ìkarùn-ún tàbí ìkẹfà báyìí, ojú ẹni tó ń tà á á kọ́kọ́ fà ro, ẹni tó ń rà á á sì dá owó rẹ̀ padà sápò. Kò sí bó ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀? Ohun tó fà á ni pé ẹsẹ̀ kọ́ ló máa ń gbé ẹ́ńjìnnì débẹ̀, ọwọ́ ni. Bí èèyàn bá tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ títí dọ̀la, tí ọwọ́ aago bá ti kan ìlà pupa, kọ̀ǹpútà yóò gé epo fún ẹ́ńjìnnì, mọ́tò á wá máa já gìrì gìrì bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Kò ní í kọjá ibẹ̀. Ààbò tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi síbẹ̀ nìyẹn, àìmọye ẹ́ńjìnnì ló sì ti gbà là.

Àmọ́ ààbò yẹn kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ọwọ́ bá ṣi jíà mú. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnì kan ń sáré 160 kìlómítà ní wákàtí kan lójú jíà kẹta, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ní 7,000, ó wá fẹ́ bọ́ sí ìkẹrin. Ṣé ẹ mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ìkẹrin wà, ìsàlẹ̀ náà sì ni ìkejì wà, ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ ni. Ara rẹ̀ ti gbóná, ó fa ọ̀pá jíà wálẹ̀ pẹ̀lú ipá, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, ó bọ́ sí ìkejì. Bó bá ti já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, táyà ló kù tó ń yí ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà mọ́. Ẹ́ńjìnnì á fò sókè dé nǹkan bíi 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ̀ǹpútà á gé epo lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni gígé epo fẹ́ ṣe fún ẹni tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn? Fáàfù kò ní í ráyè padà sáyè ẹ̀ kí písítìn tó gbá a, kọ́nrọ́ọ̀dù náà lè ṣẹ́. Money shift ni àwọn awakọ̀ Amẹ́ríkà ń pè é, nítorí owó tí yóò jáde lápò ẹni tó bá ṣe é.

Ohun tí kò sì jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó mọ̀ ọ́n wà kò ju ohun kékeré kan lọ. Wọn kì í di ọ̀pá jíà mú gírígírí bí ẹni tó di olè mú. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, sípíríìnì kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń fa ọ̀pá náà padà sí àárín, ibẹ̀ gan-an ni ìkẹta àti ìkẹrin wà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń lọ láti ìkẹta sí ìkẹrin, wọ́n á la àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fà á wálẹ̀ tààrà, sípíríìnì á sì ṣe ìyókù. Ẹni tó ń fi ipá ṣe é ló ń tì í síbi tí kò fẹ́ lọ.

Bí wọ́n bá wá ń sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó gbọ́ra wọn yé, orúkọ Ayrton Senna ni kì í pẹ́ jáde. Ọmọ Brazil ni, ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé Formula 1 lọ́dún 1988, 1990 àti 1991 kó tó kú sẹ́nu eré ìdíje ní Imola, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́jọ́ kìíní, oṣù kárùn-ún, 1994. Fíìmù kan wà tí wọ́n ti yà á níbi tó ti ń fi Honda NSX sáré ní Suzuka, lórílẹ̀-èdè Japan, tí wọ́n gbé kámẹ́rà sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní í gbà á gbọ́: bàtà ìgbafẹ́ tí kò ní okùn ló wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun, bí ẹni tó ń lọ sí òde ìgbéyàwó. Àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ń ṣiṣẹ́ méjì pọ̀. Iwájú ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ń gbá tọ́rọ́tù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ń já jíà.

Kì í ṣe fáàrí ló ń ṣe o. Bí mọ́tò bá fẹ́ bọ́ láti jíà gíga sí kékeré, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yára yí ju bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀. Tọ́rọ́tù tó gbá yẹn ló ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè ṣáájú kí kílọ́ọ̀ṣì tó gbá a mú. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni yóò fi ara rẹ̀ fà á sókè, á máa jó díẹ̀díẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì lè há lójijì kí mọ́tò yí po. Ẹ tún kíyè sí i pé bíréèkì ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ kó tó já jíà. Àwọn tó ń fi jíà ṣe bíréèkì nítorí pé wọn ò fẹ́ kí páàdì tán, ìṣirò wọn kò pé. Ta ni kò mọ̀ pé owó páàdì kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kílọ́ọ̀ṣì, ká má tíì sọ ti ẹ́ńjìnnì?

Ṣùgbọ́n jíà já Senna náà kulẹ̀ rí, níwájú àwọn ará ilé rẹ̀ sì ni. Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, 1991 ni, ní Interlagos, ìlú São Paulo tí wọ́n ti bí i. Látọdún 1984 tó ti ń sá Formula 1, kò tíì borí nílé rí. Òun ló wà níwájú nígbà tí jíà kẹrin lọ, àwọn tó kù tẹ̀lé e, nígbà tó yá, ìkẹfà nìkan ló ṣẹ́ kù. Riccardo Patrese ń sún mọ́ ọn bọ̀ lẹ́yìn, òjò tún bẹ̀rẹ̀. Ìkẹfà yẹn ló fi gba gbogbo kọ́nà tó ṣẹ́kọ́ṣẹ́kọ́ ibẹ̀ títí tó fi borí pẹ̀lú nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Igbe tó ké lórí rédíò lọ́jọ́ náà, àwọn tó gbọ́ ọ kò gbàgbé. Iṣan ara rẹ̀ ti há, àwọn èèyàn ló gbé e jáde nínú mọ́tò, agbára káká ló sì fi gbé ife ẹ̀yẹ sókè. Nigel Mansell tó ń lo jíà ìgbàlódé ńkọ́? Jíà tiẹ̀ náà bàjẹ́, kò tiẹ̀ parí eré. McLaren tí Senna wà lọ́dún yẹn ni mọ́tò oní jíà ọwọ́ tó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé kẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má wá fi ìyẹn ṣe àwòkọ́ṣe o. Kéèyàn wà lójú jíà gíga nígbà tí mọ́tò ń rọra lọ, kó wá tẹ tọ́rọ́tù mọ́lẹ̀ pátá, béárìn ló ń pa. Kó kọ́kọ́ já jíà wálẹ̀ ná.

Ooru ló tún kù. Ibi tí wọ́n ti ń rí i jù ni Nürburgring ní Jámánì, ojú eré tí wọ́n ṣí lọ́dún 1927, tó gùn tó kìlómítà 21 dín díẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i fún aráàlú, ẹni tó bá ti ní láísẹ́ǹsì, tó sì sanwó, lè gbé mọ́tò tiẹ̀ wọbẹ̀. Bó bá lọ kọ lu irin ẹ̀gbẹ́ títì, òun ni yóò sanwó irin, yóò tún sanwó ọkọ̀ tó wá wọ́ mọ́tò rẹ̀ kúrò. Àwọn tó gbọ́n kì í ti géètì bẹ̀rẹ̀ eré. Wọ́n mọ̀ pé omi inú rédíétọ̀ máa ń tètè gbóná ju ọ́ìlì lọ, aago omi lè wà láàárín gbùngbùn nígbà tí ọ́ìlì ṣì nípọn. BMW tiẹ̀ fi iná wẹ́wẹ́ sójú aago M5 tó jáde lọ́dún 1998, iná náà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná, kí onímọ́tò lè mọ ibi tó lè tẹ̀ ẹ́ dé.

Bíréèkì ọ́ìlì ló wá burú jù, nítorí ó máa ń fa omi mu látinú afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 4, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 lórí ìwọ̀n Celsius. Bó bá ti mu omi, ó lè hó ní 155. Ọjọ́ tó bá hó lójú eré, ẹsẹ̀ á wọlẹ̀ lọ tààrà, mọ́tò ò sì ní í dúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi máa ń pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ, tí wọ́n sì máa ń rọra wà á ní kìlómítà tó kẹ́yìn láìtẹ bíréèkì púpọ̀, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Bí wọ́n bá sì dúró, wọn kì í fa háńbíréèkì, torí nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, páàdì á lẹ̀ mọ́ irin tó ń jó lójú kan náà. Jíà kìíní ni wọ́n máa ń fi mọ́tò sí, wọ́n á pa á, wọ́n á sì fi òkúta há táyà.