Àwọ̀ oníbàárà kì í ṣe ẹyọ kan: ohun tó yẹ kí ẹni tó ń tajà lórí fóònù mọ̀

Ẹni tó bá ń ta pọ́dà tàbí aṣọ lórí WhatsApp mọ bó ṣe máa ń rí. Oníbàárà á wo fọ́tò títí, á wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó máa bá àwọ̀ tèmi mu?" Tí ọjà bá délé tí kò bá a mu, ìjà dé nìyẹn. Ọjà á padà wá, owó ọlọ́kadà tó gbé e lọ á sì wọgbó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọjà kọ́ ló burú. Àwọ̀ tí fóònù gbé jáde ni kò péye, tàbí orúkọ tí wọ́n fún àwọ̀ náà ni kò yé ẹni tó fẹ́ rà á.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti pẹ́ nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Crayola ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣe kréyọ̀n fáwọn ọmọdé, ní àwọ̀ kan tó pè ní àwọ̀ ara. Ara òyìnbó nìkan ló jọ. Ọdún 1962 ni wọ́n tó yí orúkọ náà padà. Nígbà tí fóònù ayé òde òní sì dé, irú àṣìṣe yẹn bá a wọlé: nínú àwọn emoji, ìyẹn àwòrán kéékèèké téèyàn fi ń ránṣẹ́, òyìnbó ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní ojú èèyàn gidi.

Ibì kan wà tí yóò dùn mọ́ Yorùbá nínú ìtàn yìí. Lọ́dún 2014, Mi-Fone, ilé-iṣẹ́ tó ń ta fóònù nílẹ̀ Áfíríkà, gbé emoji aláwọ̀ dúdú tirẹ̀ jáde. Oju Africa ni wọ́n sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ojú tí àwa Yorùbá ń pè lójú náà ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 2015, ni Apple tó fi oríṣiríṣi àwọ̀ ara sínú emoji tirẹ̀. Kékeré ló ṣáájú ńlá níbẹ̀.

Àwọ̀ márùn-ún ni ẹgbẹ́ Unicode, tó ń ṣètò lẹ́tà àti emoji fún kọ̀ǹpútà, fọwọ́ sí lọ́dún 2015 yẹn. Ọ̀dọ̀ Fitzpatrick, dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti mú un. Ọdún 1975 ló ṣe òṣùwọ̀n tirẹ̀ láti fi mọ bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara, awọ òyìnbó ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó fi ti àwọn tó dúdú kún un. Abájọ tí kò fi tó ẹni tó ń ta pọ́dà! Ní 2022, Google gbé òṣùwọ̀n mìíràn jáde, èyí tí Ellis Monk, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ṣe. Àwọ̀ mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó.

Kí lèyí kan oníṣòwò kékeré? Ó kàn án gan-an. Ẹ wo nẹ́ẹ̀tì tí àwọn aránṣọ ń pè ní "skin". Skin ta ni? Aláwọ̀ pupa àti adúmáadán kò lè jọ lo ẹyọ kan. Unicode ṣe dáadáa níbi orúkọ: kò pe àwọ̀ kankan ní ti Áfíríkà tàbí ti òyìnbó, láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ dé orí èyí tó dúdú ló kàn tò wọ́n. Ẹ̀yin náà lè fi nọ́ńbà tò ó, kẹ́ ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lára ẹni tó bá mu, níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójúmọmọ, láìsí fílítà.

Fílítà yẹn gan-an léwu. Lọ́dún 2017, FaceApp tọrọ àforíjì nígbà tí fílítà rẹ̀ tó yẹ kó sọ èèyàn di arẹwà ń sọ aláwọ̀ dúdú di pupa. Wọ́n ní àwọn fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà ló fà á. Ẹ má ṣe fi fóònù bóra fún oníbàárà tó wá ran aṣọ tàbí tó wá wé gèlè lọ́dọ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún fọ́tò rẹ̀ ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi í.

Ti emoji kò le rárá. Ẹ tẹ àwòrán ọwọ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ nínú WhatsApp, àwọ̀ yòókù á yọ. Ẹ mú èyí tó jọ tiyín. Tó bá jẹ́ oníbàárà lẹ fẹ́ fi ṣàpèjúwe, ẹ fi àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a, kóun fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá wù ú.