AGBÁRA KÀKÓ KÒ TÓ ÌWÀ! Ẹ̀kọ́ inú ìwé Fágúnwà fún ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ Ifọ́n àti Ìdó-Àní, ẹ gbọ́ ná! Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹni mẹ́fà tí yóò bá yín wọ igbó ẹlẹ́rù, irú wọn wo lẹ ó mú? Alágbára ni àbí oníwà?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré o. Ó wà nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, gbé jáde ní 1938. Wọlé Ṣóyínká tú u sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ọ̀pọ̀ ọmọ sùkúù ló ti kà á, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Àgbákò dẹ́rù ba àbúrò wọn lálẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n pa ìwé dé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ńkọ́?

Kí ará Ọ̀wọ̀ má sọ pé irọ́ lásán ni ìtàn iwin. Ṣebí nítorí Ọ̀rọnṣẹ̀n, olorì Ọlọ́wọ̀ Rẹ́ńgẹ́ńjẹ́n, ni wọ́n ṣe ń ṣọdún Igogo? Obìnrin náà kì í ṣe èèyàn lásán, ó ní èèwọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lọ ilá níṣojú rẹ̀. Àwọn orogún mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe ohun tó kà léèwọ̀, ló bá fi ààfin sílẹ̀. Ta ló lé e? Iwin kọ́ o, owú ni!

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ìwé Fágúnwà. Ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbódó. Kálukú ló ní ẹ̀bùn tirẹ̀. Ọlọ́gbọ́n ni Ìmọ̀dóyè. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹyẹ àti ẹranko. Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn tó dùn bí oyin. Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn ló wá ní agbára.

Kí ni Kàkó fi agbára náà ṣe? Obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀ lọ. Ojú ti ń kán ọkùnrin yìí, ló bá fa àdá yọ, ó ṣá a pa. Háà! Kì í ṣe Àgbákò ló pa obìnrin yẹn. Akọni tí gbogbo ìlú ń yìn ni.

Irú Kàkó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Mẹkáníìkì mọ ẹ́ńjìnnì tinú tẹ̀yìn, ṣùgbọ́n sípánà ló fi ń lu ọmọ iṣẹ́. Ohùn dídùn nìkan náà kò tó. Ìyá kan ń pe èèyàn ní "oníbàárà mi àtàtà", bẹ́ẹ̀ ó ti lu ìdí kóńgò wọnú kí gàrí tó ń gbà lè dín. Ẹ̀bùn wà, ìwà ò sí. Ta ni yóò padà wá rajà lọ́dọ̀ rẹ̀?

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Nígbà tí wọ́n dé Òkè Láńgbódó, ṣé góòlù lẹ rò pé wọ́n kó fún wọn? Rárá o! Ilé Ìrágbèje ni wọ́n ní kí wọ́n lọ. Ọjọ́ méje ni bàbá yẹn fi ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n, títí kan bí a ṣe ń tọ́ ọmọ. Gbogbo ewu inú igbó yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni!

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá mú ìwé náà wálé, ẹ má ní kó gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ní kó kà á sókè nígbà tí ẹ bá ń to ọjà tàbí tí ẹ ń rán aṣọ. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ Kàkó, ẹ dá a dúró, kí ẹ bi í pé: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wàá fi àbúrò rẹ obìnrin fún un?" Ìdáhùn tó bá fún yín, ẹ fi yan ọmọ iṣẹ́, ẹ fi yan àna, ẹ sì fi wo ara yín.